Ìgò Tó Bú Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Apòyẹ̀fun

"Olè! Olè aboyún! Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ẹ kó gbèjà ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ ti tán nílé búrẹ́dì yìí lónìí!"

"Ta lẹ ń pè lólè, Máníjà? Ẹ tún un pè kí n gbọ́! Ṣé ìyàwó àbúrò mi lẹ ń pè lólè níṣojú mi?"

"Mo tún un pè! Olè! Inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ ni ìgò ti bú. Àbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tèmi ni?"

"Kí lẹ ní tẹ́ ẹ máa kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù? Kóòmù?"

Ariwo yìí ló pàdé Abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ tí wọ́n fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn, nítorí obìnrin náà kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí ọwọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ onírùngbọ̀n kò lè dé ni òun máa ń gbà wọlé wẹ́rẹ́. Bó bá sì gún èèyàn, onítọ̀hún kì í tètè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Ó ti wá olè mọ́tò rí. Ó ti wá ọkọ ìyàwó tó sá lọ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, inú ilé ìwẹ̀ àna rẹ̀ ló ti bá a. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì pè é síbi tí wọ́n ti jí ìwúkàrà gbé rí.

Ó ti ilẹ̀kùn. Inú ilé náà funfun láúláú. Ìyẹ̀fun wà lórí tábìlì, ó wà lára ògiri, ó wà lára irun ojú àwọn èèyàn. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan dúró sídìí ààrò, ó na igi gbọọrọ tó fi ń ti búrẹ́dì sínú iná bí ẹni pé ọ̀kọ̀ ni. Bàbá Aláàrò nìyẹn. Awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì kiri ìlú dì mọ́ ọn nídìí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ fojú fò ó, kò tó ẹni téèyàn ń tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n." Ẹni tí ọ̀kọ̀ náà dojú kọ ni Máníjà. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán, irun rẹ̀ tó fi kóòmù yà sápá kan kò ní ìyẹ̀fun kankan lórí.

Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan káwọ́ lérí láàárín wọn. Òun ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ìlú òkèèrè ló ti wá dá a sílẹ̀, Ọ̀gá Àlejò sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ẹni tó kọ́ ọ lédè ti sọ fún un pé kò sí ohun tí èèyàn kò lè fi "ẹ kú" kí, ọkùnrin yìí sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

"Ẹ kú ariwo, mà," ló wí fún Abẹ́rẹ́. "Ẹ kú ìbúgbàù."

"A dúpẹ́, sà. Ta ló ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá?"

"Èmi ni!" Máníjà tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ìyá ìwúkàrà wa ni wọ́n jí. Láti ìlú wọn ni Ọ̀gá ti gbé e wá nínú ìgò. Ìyá ìyá wọn ló kọ́kọ́ pò ó. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń bù nínú ẹ̀ sí gbogbo búrẹ́dì, kò sì sí irú ẹ̀ níbòmíì. Bí kò bá sí i, kò sí ilé búrẹ́dì. A jí láàárọ̀ yìí, ìgò ò sí lórí pẹpẹ mọ́. Mo ní kò burú, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a ó tú kọ́bọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn. Ìrọ̀lẹ́ ò tíì tó, a kàn gbọ́ gbàù! Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù Apòyẹ̀fun ṣí fúnra ẹ̀, ìwúkàrà fọ́n ká ara ògiri. Ọlọ́run ló mú un!"

"Ó dára. Ẹni tí Ọlọ́run mú dà?"

Gbogbo wọn wo ara wọn. Wọ́n ti ń jà lé obìnrin náà lórí láti ìgbà tí ìgò ti bú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà.

*

Yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ló wà. Yàrá tóóró ni, kọ́bọ́ọ̀dù onírin tò síbẹ̀, wọn kò ní àgádágodo, ẹ̀yìn wọn sì fara ti ògiri ààrò débi pé bí èèyàn bá gbé ọwọ́ lé irin náà, ṣe ló lọ́ wọ́ọ́wọ́. Apòyẹ̀fun kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ pẹ̀lú oyún tó ti yọ síta. Ó fi ṣíbí ń ha ìwúkàrà kúrò lára irin, ó ń yẹra fún ìfọ́ ìgò, ó ń bu èyí tó mọ́ sínú ìgò mìíràn.

"Ẹ wò ó!" Máníjà pariwo lẹ́yìn Abẹ́rẹ́. "Ó ń pa ẹ̀rí rẹ́!"

Obìnrin náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ kú àbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rójú díẹ̀. Ó ń kú lọ ni. Bí mi ò bá fún un ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìyẹ̀fun nísinsìnyí, ó parí nìyẹn. Tó bá ti jẹun tán, ẹ wá mú mi."

Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Ó ti mú olè púpọ̀ láyé rẹ̀. Kò tíì rí èyí tó ń fún ẹrù olè lóúnjẹ.

"Ṣe tìẹ lọ, àbúrò mi," ló wí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin, ẹ jáde. N ó máa pè yín níkọ̀ọ̀kan."

Nígbà tí wọ́n jáde tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ti yí gbirigbiri lọ sínú òkùnkùn. Ó fà á jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tùn-ún sósì, ó gbìyànjú láti yí i, kò yí. Ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó sọ ọ́ sápò, kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

*

Máníjà ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nínú ọ́fíìsì rẹ̀ níbi tí fáànù ti ń fẹ́ òun nìkan.

"Ẹ là mí lóye, sà. Kí ni obìnrin yìí máa rí nínú kó jí ìwúkàrà?"

"Ìkà ni. Ìkà ò nídìí."

"Kí ló máa pàdánù tí ẹ bá lé e?"

Inú Máníjà dùn. Ó fẹ́ràn kí wọ́n bi í ní ohun tó mọ̀. "Háà! Ohun gbogbo ni. Ẹ mọ̀ pé òfin ìlú wa gbé aboyún gẹ̀gẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá oṣù ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́, tó wá lóyún, agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ lé e. Ó ní ìsinmi ìbímọ, owó oṣù ò sì ní dúró. Ó ní ìtọ́jú nílé ìwòsàn, láti ìgbà oyún títí ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí agbanisíṣẹ́ bá wá jẹ́ àlejò bí Ọ̀gá, òfin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nítorí ìyẹn ni Ọ̀gá ṣe gbà mí. Wọn ò mọ òfin ibí. Èmi ni òfin wọn."

"Kò sí bí wọ́n ṣe lè lé aboyún rárá?"

"Àfi tó bá jalè, tàbí tó ba nǹkan ilé iṣẹ́ jẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òfo ló máa bá lọ."

"Ẹ ti forúkọ wọn sílẹ̀?"

"Gbogbo wọn pátá! Ó ti pẹ́."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Abẹ́rẹ́ wí, ló bá dìde. Níta, ó dúró díẹ̀ síbi ògiri. Ẹni tí òfin yìí di ẹrù lé lórí ni Ọ̀gá Àlejò. Bí aboyún bá di olè, ẹrù Àlejò fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ṣe kedere. Ohun tó bá sì ti ń ṣe kedere jù máa ń fu Abẹ́rẹ́ lára.

*

Ó bá Ọ̀gá Àlejò lórí àpò ìyẹ̀fun, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, nǹkan róbótó aláwọ̀ ewé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà, ìsinmi ìbímọ obìnrin yìí, ìnira ni fún yín, àbí?"

"Ìnira bí ti báwo?"

"Ẹ máa sanwó ẹni tí kò ṣiṣẹ́."

Ojú ọkùnrin náà kún fún ìyanu. "Mà, ní ìlú tèmi, tí èèyàn bá bímọ, ó ń sinmi. Ta ló ń bímọ tó tún ń po ìyẹ̀fun? Níbẹ̀, ìjọba ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ jókòó sílé, ẹ tẹ nǹkan lórí ẹ̀rọ, ó tán, wọ́n ti forúkọ gbogbo èèyàn sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibí, mo béèrè. Máníjà ní bákan náà ni, ẹ̀rọ ti ṣe é. Mo dúpẹ́. Mo sùn." Ó gbé ohun aláwọ̀ ewé náà sókè. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ ni, tí wọn kò tíì hun tán. "Èmi ni mò ń hun eléyìí fún ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ti parí."

Abẹ́rẹ́ wo ìbọ̀sẹ̀ náà. Ó tóbi débi pé orí ọmọ náà lè wọ inú rẹ̀. "Ó dáa gan-an, sà."

"Ìyá ìyá mi ló po ìwúkàrà yẹn, mà. Ìyá mi tọ́jú rẹ̀. Èmi gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, mi ò sùn. Ṣé èmi ni n ó ti í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù?" Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ yọ Ọ̀gá Àlejò kúrò lọ́kàn bí ẹni yọ òkúta kúrò nínú bàtà.

*

Báńdéèjì wà lọ́wọ́ Bàbá Aláàrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgò ló gé yín lọ́wọ́?"

"Ìgò wo? Páànù búrẹ́dì ló jó mi. Ẹ tú u wò." Ó na ọwọ́ náà sí i lójú. Ìléròrò iná ni lóòótọ́.

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti ìyàwó yín jà láàárọ̀."

"A jà! N kì í ṣe igi, kí n má jà? Mo ní kó má gbé àpò ìyẹ̀fun mọ́, ó ní òun kì í ṣe ẹyin. Mo ní ẹni tó wà nínú ẹ ni ẹyin. Ẹ gbọ́ o, àbúrò mi ló fẹ́ ẹ, èmi ni mo mú un wá síbi iṣẹ́ yìí. Oyún kan ti bọ́ lára ẹ̀ rí, níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí wọn ò fún un láyè kó lọ rí dókítà. Ṣé ẹ rí èyí tó wà níbẹ̀ yìí? Tí wọ́n bá fi orúkọ olè gba dókítà lọ́wọ́ ẹ̀, n ó ti Máníjà sínú ààrò, n ó sì yọ ọ́ nígbà tó bá pupa."

"N ò gbọ́ ìyẹn," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó yọ áńkáṣíìfù lápò, ó ṣí i díẹ̀. "Kí lèyí?"

Ọmọrí ìgò onírin ni. Ọrùn ìgò náà ṣì wà nínú rẹ̀, ìyókù ti fọ́ dànù. Bàbá Aláàrò wò ó, ó na ọwọ́ sí i, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ni ẹni ibi tó dé e pa báyìí? Ìwúkàrà ń mí, mà! Bó bá ti jẹun, ó máa ń wú, atẹ́gùn á máa jáde lára ẹ̀. A kì í dé e pa. Aṣọ la máa ń tẹ́ lé e, tàbí ká gbé ọmọrí lé e lórí wẹ́rẹ́ láìlọ́ ọ. Ẹni tó bá dé e pa, tó tún gbé e síbi tó gbóná, ó ti sin bọ́ǹbù nìyẹn!"

"Máníjà ń kọ́?"

"Kí nípa ẹ̀?"

"Ṣé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Aláàrò la ẹnu. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí búrẹ́dì tó ń wú.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Abẹ́rẹ́ wí, "bí ẹ bá fẹ́ràn ìyàwó yín, ẹ panu mọ́ títí n ó fi ní kẹ́ ẹ ya á."

*

Awakọ̀ nìkan ni wọ́n rí nítòsí àwọn kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀, ó sì ń làágùn bí ẹni pé ó gbé ìwúkàrà mì.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mà, mo lọ… mo lọ wo…"

"Wo kí ni?"

"Mo lọ sùn, mà." Ó bojú wo ilẹ̀. "Ìyàwó mi bímọ, ọmọ náà kì í jẹ́ ká sùn. Tí mo bá tètè dé, màá lọ na ara sẹ́yìn àwọn àpò ìyẹ̀fun tó wà ní yàrá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ọ̀gá."

"Ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí nígbà náà?"

"Rárá, mà. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbí nìkan ló wà nínú ilé."

"Kí lo rí?"

"N ò rí nǹkan. Ojú mi wà ní dídì. Mo gbọ́ ẹnìkan tó wọlé, tó ń lọ́ ọmọrí ìgò, kírí kírí kírí, tó ń mí hùn, hùn. Mo ní nínú mi pé ẹnìkan jí jáàmù, ó ń wá ọ̀nà àtiṣí i jẹ. N ò dìde. Tí mo bá mú olè jáàmù, òun náà á mú olè oorun."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi fi ọwọ́ di ìhà mú.

*

Nígbà tó padà sọ́dọ̀ Apòyẹ̀fun, ìwúkàrà tí obìnrin náà kó jọ ti ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ìgò tuntun. Ó ti tẹ́ aṣọ lé e. Ó ń wò ó bí ẹni wo ọmọ tí ibà ń lọ lára rẹ̀.

"Ó yè?"

"Ó yè, mà! Ẹ wò ó, ó ń yọ fóòmù!" Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló rántí pé ọlọ́pàá ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ máa mú mi báyìí?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí lo bá Máníjà sọ lánàá?"

"Lánàá? Mo kàn béèrè káàdì mi ni. Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ fara han dókítà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní tí n ò bá mú káàdì òṣìṣẹ́ dání, wọn ò ní dá mi lóhùn. Mo ní kí wọ́n bá mi mú un wá. Wọ́n ní kí n fi ara balẹ̀, àwọn á fún mi lónìí."

"Káàdì tó ní fọ́tò lójú yẹn? Ṣé wọ́n yà ọ́ dáadáa nínú ẹ̀?"

Apòyẹ̀fun wò ó, ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú. "Fọ́tò kẹ̀? Kò sẹ́ni tó ya mí ní fọ́tò, mà."

Abẹ́rẹ́ dìde. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò ní orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó. "Gbé ìgò yẹn, ká lọ. Ṣùgbọ́n gbé aṣọ yẹn kúrò lórí ẹ̀. Bá mi wá ọmọrí tó bá a mu."

*

Gbogbo wọn pé yí tábìlì ńlá ká. Ìgò wà láàárín, ọmọrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá Àlejò rí i pé ìwúkàrà ń mí, ó pariwo ní èdè ìlú rẹ̀, ó fẹ́ dì mọ́ Apòyẹ̀fun, ó rántí oyún, ó dì mọ́ Awakọ̀.

"Ẹ̀rí rèé," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Mo máa gbé e lọ sí àgọ́. Ọ̀nà jìn, ọkọ̀ ń gbọ̀n. Awakọ̀, bá mi dé e."

Awakọ̀ gbé ọmọrí lé e lórí jẹ́jẹ́, kò lọ́ ọ, ó sún sẹ́yìn kíá. "Kó wà bẹ́ẹ̀, mà. Ó ti tú sí mi lórí nínú ọkọ̀ rí. Ọjọ́ yẹn, àwọn oníbàárà rò pé mo ti di arúgbó."

"Bàbá, ẹ̀yin náà."

Bàbá Aláàrò ṣí ọmọrí náà, ó tún gbé e padà wẹ́rẹ́. Ó ti ètè méjèèjì mọ́ra bí ẹni pé wọ́n rán an.

"Ẹ ẹ̀ mọ nǹkan tí ẹ ń ṣe!" Ara Máníjà ti ń gbóná. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rí ọlọ́pàá rèé? Á dà nù!" Ó já ìgò gbà, ó fi abíyá dì í mú, ó lọ́ ọmọrí náà, kírí kírí kírí. Ó mí hùn, ó tún lọ́ ọ, ó mí hùn. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Abẹ́rẹ́. "Ó tán! Kò lè jáde mọ́."

"Yéè!" Apòyẹ̀fun fò mọ́ ìgò náà pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó ń tú ọmọrí náà. "Ẹ fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ìró yẹn!" Awakọ̀ na ìka. "Ìró jáàmù yẹn nìyẹn! Mímí yẹn náà nìyẹn!"

Abẹ́rẹ́ tú áńkáṣíìfù sórí tábìlì. Ọmọrí onírin pẹ̀lú ọrùn ìgò nínú rẹ̀ dún kọ̀ǹkọ̀ lórí pákó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ìgò yìí ò ṣubú, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbé e pamọ́ ló lọ́ ọ pa, ìwúkàrà wú, kò rí ibi mí, ló bá bú. Apòyẹ̀fun ò lè dán irú ẹ̀ wò. Bàbá ò lè dán an wò, Awakọ̀ pàápàá ò jẹ́ fọwọ́ lọ́ ọ. Ìdí ìwúkàrà ni Ọ̀gá ti dàgbà. Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yìí kí ilẹ̀kùn iwájú tó ṣí, ẹnìkan ṣoṣo ni kò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rí."

Gbogbo ojú lọ sórí irun tó mọ́ yẹn.

"Ṣé nítorí mo dé ìgò?" Máníjà fi ọwọ́ tẹ irun rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ fi lílé ẹ̀ ṣe? Kí ló kàn mí nínú oyún ẹ̀?"

"Káàdì ni. Ọ̀gá, ẹ sọ fún mi pé ní ìlú yín, ẹ̀rọ ló ń forúkọ sílẹ̀. Níbí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àlejò tó bá gba èèyàn ìlú yìí síṣẹ́ gbọ́dọ̀ kó wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní tòótọ́. Kálukú á jókòó, wọ́n á ya á ní fọ́tò, á tẹ àtàǹpàkò. Kí n tó di ọlọ́pàá, mo bá àlejò ṣiṣẹ́ rí, èmi náà jókòó síbẹ̀, wọ́n ní kí n bọ́ fìlà. Bàbá, ta ló ya fọ́tò yín?"

"Kò sí."

"Awakọ̀?"

"Ẹnikẹ́ni ò yà mí, mà."

"Kò sẹ́ni tó kó wọn lọ rí. Máníjà ní òun ti ṣe é, kò ṣe é, ó ń sun ún síwájú lójoojúmọ́. Ó rọgbọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Lánàá, Apòyẹ̀fun ní òun fẹ́ rí dókítà, káàdì dà? Tó bá dé ilé ìwòsàn láìní káàdì, ó di ọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́n á bi Ọ̀gá, Ọ̀gá á bi Máníjà. Ṣùgbọ́n bó bá ti di olè kí ọ̀la tó mọ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè káàdì olè."

Ìwúkàrà nìkan ló ń hó.

Ọ̀gá Àlejò yíjú sí Máníjà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ kú irọ́, Máníjà."

"Ẹ ya ẹnu báyìí, Ẹ̀gbọ́n," ni Abẹ́rẹ́ wí fún Bàbá Aláàrò. Bàbá Aláàrò ya ẹnu. Ohun tó jáde kò ṣeé kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Awakọ̀ ṣubú sórí àpò ìyẹ̀fun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Apòyẹ̀fun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di ìgò mọ́ àyà. "Mà, dókítà mi ń kọ́? Ṣé torí wọn ò ya fọ́tò mi, n ò ní rí i?"

"Ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òfin ń wò, àbúrò mi, kì í ṣe ọjọ́ fọ́tò. Ìsinmi ẹ, tìẹ ni. Dókítà, tìẹ ni. Ọ̀gá, bí ẹ bá fúnra yín kó wọn lọ kí àwọn ayẹ̀wòṣẹ́ ìjọba tó wá bá yín, wọn ò ní fọwọ́ kan ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ yín. Òfin kì í torí ìwà aṣojú fìyà jẹ ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀, tó fi pa mọ́, ni kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀."

"Ọ̀la, kò sí búrẹ́dì," ni Ọ̀gá Àlejò kéde. "Ọ̀la, fọ́tò! Gbogbo yín, nínú ọkọ̀ búrẹ́dì. A máa kọ́kọ́ gbé Apòyẹ̀fun dé ọ̀dọ̀ dókítà. Máníjà, ẹ má wá. Ẹ má wá títí láé."

"Kò ṣeé ṣe!" Máníjà lu tábìlì. Ìyẹ̀fun tú sókè, ó bà lé orí rẹ̀. "Ẹ ò lè lé mi báyìí! Òṣìṣẹ́ lèmi náà! Mo ti kọjá oṣù ìdánwò! Òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi, kẹ́ ẹ fún mi ní ìsinmi mi, kẹ́ ẹ san ẹ̀tọ́ mi pé pérépéré! Mo mọ òfin! Orúkọ mi wà lọ́dọ̀ ìjọba!"

Apòyẹ̀fun gbé ìgò kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gbé ojú sókè.

"Máníjà," ló wí, "ta ló ya fọ́tò tiyín?"